Àjálù àdáyébá

Àjálù àdáyébá ni ìṣẹ̀lẹ̀ ilẹ̀, omi tàbí afẹ́fẹ́ tó gba ẹ̀mí tàbí tó ba dúkìá jẹ́. Ìmìtìtì ilẹ̀, òkè ayọnáyèéfín, ìjì líle, omíyalé àti ọ̀dá wà lára wọn. Àwọn onímọ̀ kan kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà "àdáyébá", torí pé bí ilẹ̀ bá mì níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbé, kò sẹ́ni tí yóò pè é ní àjálù.

Ìmìtìtì ilẹ̀

Èèpo ilẹ̀ ayé pín sí abala ńláńlá tí kò dúró sójú kan. Ìrìn wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ́dún, bí èékánná ṣe ń hù. Níbi tí abala méjì ti pàdé, àpáta wọn sábà máa ń há mọ́ra. Abala ò dẹ́kun ìrìn, ojú ibi tó há kò sì yẹ̀, ni àpáta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọrun tí ọdẹ ń fà. Ó lè tẹ̀ báyìí fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Lọ́jọ́ tí ojú ibẹ̀ bá já, àpáta a ta padà, ilẹ̀ a sì mì.

Harry Fielding Reid, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ní Amẹ́ríkà, ló ṣe àlàyé yìí lẹ́yìn ìmìtìtì ìlú San Francisco níbẹ̀ ní ọdún 1906. Iṣẹ́ àwọn awọnlẹ̀ ló gbára lé, àmọ́ ọgbà tí wọ́n fi yí oko ká ló fi ojú hàn jù: ọgbà onígi tó gún régé tẹ́lẹ̀ já sí méjì níbi tí ilẹ̀ ti là, apá kan sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì ní nǹkan bíi mítà 2.6.

Bí ilẹ̀ bá mì, ìgbì a gba inú rẹ̀ lọ. Èyí tó ń ti àpáta síwá sẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ dé. Èyí tó ń mì í sọ́tùn-ún sósì ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì máa ń le jù ú lọ. Àlàfo àkókò tó wà láàárín dídé wọn ni a fi ń mọ bí orísun ṣe jìnnà tó. Nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní ìwọ̀n ni a fi ń sọ bí ìmìtìtì ṣe tóbi tó. Bí ìwọ̀n bá fi 1 gbéra, agbára tó jáde ti di nǹkan bí ìlọ́po 32. Èyí tó tóbi jù tí ẹ̀rọ tíì wọ̀n ni ti Chile ní ọdún 1960, ìwọ̀n 9.5. Kò tíì sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tí òmíràn yóò wáyé.

Bí ìsàlẹ̀ òkun bá ru sókè lójijì, sùnámì, ìyẹn ìgbì òkun ńlá, lè tẹ̀ lé e, bíi ti òkun Íńdíà ní ọdún 2004. Níbi tí omi jìn tó mítà 4,000, ó ń sáré tó kìlómítà 700 ní wákàtí kan, síbẹ̀ ọkọ̀ ojú omi lè má mọ̀ pé ó kọjá. Etíkun ló ti ń dẹ eré, tí ó sì ń ga.

Òkè ayọnáyèéfín àti ìjì

Gáàsì inú àpáta yíyọ́ ló ń mú òkè bú gbàmù. Ìjì ńlá orí òkun ní tirẹ̀ ń jẹ ooru omi tó gbóná tó 26°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọwọ́ ènìyàn

Ní ọdún 2010, ìmìtìtì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.0 ṣẹlẹ̀ ní Haiti, ti 8.8 sì ṣẹlẹ̀ ní Chile. Ti Chile fi agbára ju ti Haiti lọ ní nǹkan bíi ìlọ́po 500, síbẹ̀ àwọn tó kú níbẹ̀ lé díẹ̀ ní 500, nígbà tí ti Haiti ju 100,000 lọ. Lóòótọ́, ti Haiti ṣẹlẹ̀ nítòsí Port-au-Prince, olú-ìlú rẹ̀, kò sì jìn nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n Chile ti ní òfin ìkọ́lé tó ka ìmìtìtì sí láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Port-au-Prince, bíríkì àti kọnkéré tí irin inú rẹ̀ kò tó ló wó lu àwọn ènìyàn.