Ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àtìpó ní Abẹ́òkúta

Òṣìṣẹ́ àtìpó ni ẹni tó kúrò níbi tí wọ́n bí i sí torí iṣẹ́, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíì. Ní Abẹ́òkúta, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Ògùn, oríṣiríṣi ni wọ́n: àwọn ará Benin àti Togo tó gba bọ́dà Ìdìròkò wọlé, àwọn Hausa tó wà ní Sábó, àwọn Àgátú, ọmọ ìpínlẹ̀ Benue, tó ń ṣe lébìrà lóko olóko. Ìlú yẹn gan-an, àwọn tógun lé kúrò nílé ló tẹ̀ ẹ́ dó lábẹ́ Olúmọ lọ́dún 1830, torí náà àlejò ò ṣàjèjì níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí ayé ni iṣẹ́ kúárì. Lọ́dún 2003 wọ́n kó àwọn ọmọdé tó lé ní 200 kúrò láwọn kúárì tó wà láyìíká Abẹ́òkúta àti níbòmíì nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n dá wọn padà sí Benin, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wá láti agbègbè Zakpota. Àwọn agbódegbà ló lọ gbà wọ́n lọ́wọ́ òbí wọn pé iṣẹ́ làwọn ń mú wọn lọ, ìgbà tí wọ́n dé, hámà ni wọ́n kó lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n máa fi fọ́ òkúta, tí típà bá wá kún, ọ̀gá ló ń gbowó ẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn náà ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tóun fúnra ẹ̀ jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, ti bọ́dà Benin pa, àmọ́ ọ̀rọ̀ fàyàwọ́ àti olè tó ń jí mọ́tò ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́dún 2005 ni orílẹ̀-èdè méjèèjì tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn á jọ máa dènà kíkó èèyàn ṣòwò. NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, ló ń gbá irú àwọn agbódegbà bẹ́ẹ̀ mú.

Tó bá jẹ́ ti ìwé títọwọ́ bọ̀, Nàìjíríà ò kẹ̀rẹ̀ o. UN, ìyẹn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, ṣe àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àtìpó àti ìdílé wọn ní December 18, 1990, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 2003, Nàìjíríà sì wọlé sí i lọ́dún 2009. Ibi tó ti kù ni òfin ilé. Abala 12 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé àdéhùn òkèèrè ò lágbára òfin àfi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá sọ ọ́ dòfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtúnṣe ọdún 2010 fún kóòtù tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, láàyè láti gbọ́ ẹjọ́ lórí àdéhùn iṣẹ́ tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí. Abala 34 tó ní kí wọ́n má fi ẹnikẹ́ni ṣẹrú tàbí fipá mú un ṣiṣẹ́, gbogbo èèyàn ló wà fún, ṣùgbọ́n abala 42 tó dènà ojúsàájú, ọmọ Nàìjíríà nìkan ló dárúkọ, torí náà ó dáàbò bo Àgátú, kò dáàbò bo ará Togo tí wọ́n jọ wà lóko kan náà. Owó oṣù tó kéré jù, tó di ₦70,000 lọ́dún 2024, kò kan ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò tó 25, kò kan ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ní iye tó bá ṣe, kò sì kan iṣẹ́ oko onígbà díẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ àtìpó wà. Àwọn nǹkan wọ̀nyí làwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ tún ṣe.

Ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lè wọlé láìgba físà fún 90 ọjọ́, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú. Ẹni tí ò ní in máa ń bẹ̀rù ìmígíréṣọ̀n, kì í fẹ́ lọ fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni, àwọn ọ̀gá kan sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ abala 25 àdéhùn UN yẹn là á pé àìníwèé ò sọ owó iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ti ṣe dòfo, gbèsè ṣì wà lọ́rùn ọ̀gá.