Gíà ọ́tò kò rí ọ̀nà: bí máńúà àti ọ́tò ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú píkọ́ọ̀pù

Àwọn tó ń yí gẹdú nínú igbó Ìjẹ̀bú-Igbó kì í fi èjìká ti igi. Wọ́n á ki ọ̀pá gígùn bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì rọ̀ mọ́ ìdí ọ̀pá náà. Ọwọ́ wọn á rìn jìnnà, igi á sún bí ìka méjì péré, ṣùgbọ́n á sún. Ohun tí gíà kìíní ń ṣe nínú mọ́tò nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì á yí lọ́pọ̀ ìgbà, táyà á yí díẹ̀, agbára tó dé ọ̀dọ̀ táyà á sì ju èyí tó kúrò lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ. Wọ́n fi eré ra agbára ni.

Ẹ́ńjìnnì àti táyà kò lè gbọ́ ara wọn yé láìsí alárinà. Bí mọ́tò bá dúró lójú kan tí a kò tẹ iná, ìyẹn ẹsẹ̀ tó ń mú mọ́tò sáré, ẹ́ńjìnnì á máa yí ní nǹkan bí ìgbà 700 sí 900 ní ìṣẹ́jú kan. Bí nǹkan bá fà á sílẹ̀ jìnnà sí ibẹ̀, á gbọ̀n, á sì kú. Táyà ní tirẹ̀, láti ìdúró gbọnin ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Gíábọ́ọ̀sì, àpótí irin tí àwọn gíà wà nínú rẹ̀, ló ń bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù onígíà márùn-ún, ní gíà kìíní, ẹ́ńjìnnì á yí tó ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ọ̀pá irin tó jáde láti inú gíábọ́ọ̀sì tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ní gíà kẹrin, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀kan ni. Ní gíà karùn-ún, ọ̀pá náà á sáré ju ẹ́ńjìnnì lọ díẹ̀. Irin àárín àwọn táyà ẹ̀yìn tún ń dín yíyí náà kù ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin, èyí tó túmọ̀ sí pé ní gíà kìíní, ẹ́ńjìnnì lè yí ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún píkọ́ọ̀pù ju mọ́tò kékeré lọ, nítorí ẹrù. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kìlógíráàmù 50. Àpò 20, tọ́ọ̀nù kan gbáko nìyẹn, iye tí ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù lè gbé láìṣẹ́ ẹ̀yìn. Píkọ́ọ̀pù tó lọ sóko ní òfìfo láàárọ̀ tó sì kó gàrí tàbí pákó bọ̀ nírọ̀lẹ́, mọ́tò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lọ́wọ́ awakọ̀. Ẹni tó bá ń wa ti ìrọ̀lẹ́ bí ẹni ń wa ti àárọ̀ ni mẹkáníìkì ń fi ojú oníbàárà wò.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí máńúà, gíà tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ pààrọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ni ọkàn rẹ̀. Àwo irin ńlá kan wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì tó ń bá a yí nígbà gbogbo. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n lẹ nǹkan líle mọ́ lójú méjèèjì fara kan àwo yìí, irin tó ní sípíríǹgì sì tì í mọ́ ọn pinpin. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí kílọ́ọ̀ṣì, àwo àti pẹ́lẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ra bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a pa pọ̀, ohun tí ẹ́ńjìnnì bá yí ni gíábọ́ọ̀sì ń yí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á yà kúrò lára wọn, a ó sì lè pààrọ̀ gíà. Àárín kan wà láàárín títẹ̀ àti jíjù sílẹ̀, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ń ra ara wọn láìtíì dì mọ́ra. Ibẹ̀ ni mọ́tò ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ibẹ̀ náà ni kílọ́ọ̀ṣì ti ń jó.

Bálánsì ni àwọn dẹ́rẹ́bà ń pè é: kí a fi kílọ́ọ̀ṣì àti iná di mọ́tò mú lórí òkè, kí ó má lọ síwájú, kí ó má sì yí padà sẹ́yìn. Àwọn tó ń kọ́ni ní mọ́tò fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni wọ́n kà sí awakọ̀. Nínú píkọ́ọ̀pù òfìfo, kò burú fún ìṣẹ́jú àáyá méjì mẹ́ta. Bí tọ́ọ̀nù kan bá wà lẹ́yìn, kí a fi búréèkì ọwọ́ di mọ́tò mú ló dára. A ó ki gíà kìíní, a ó tẹ iná díẹ̀, a ó gbé ẹsẹ̀ sókè lórí kílọ́ọ̀ṣì títí iwájú mọ́tò á fi gbéra díẹ̀, nígbà náà la ó tú búréèkì ọwọ́ sílẹ̀. Kí a fi gíà kejì gbéra pẹ̀lú ẹrù, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, kílọ́ọ̀ṣì ló ń san owó rẹ̀. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí mọ́tò kún Ìjẹ̀bú-Òde tí kò sẹ́ni tó lè sáré, òórùn bí ìgbà tí páálí ń jó tó máa ń gba ojú títì kan, ti pẹ́lẹ́ẹ̀tì kílọ́ọ̀ṣì ni. Nínú irú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bẹ́ẹ̀, fírì, níbi tí gíà kankan kò ti so mọ́ táyà, ni kí gíà wà nígbàkígbà tí mọ́tò bá dúró, kí ẹsẹ̀ sì kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì pátápátá. Ẹsẹ̀ tó kàn sinmi lórí rẹ̀ náà ń jẹ bẹ́árì, òrùka irin tó ń tì í.

Nínú gíábọ́ọ̀sì máńúà, gbogbo eyín gíà tó ń gbé mọ́tò lọ síwájú ló ti há mọ́ra tẹ́lẹ̀. Ohun tí ọ̀pá gíà ń ṣe ni pé ó ń yan èyí tí yóò so mọ́ ọ̀pá tó ń jáde. Kí wọ́n tó lè so, eré wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Láyé àtijọ́, awakọ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ ṣe é: yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì tẹ iná láàárín méjèèjì. Ní 1928, Cadillac gbé mọ́tò jáde tó ní òrùka kékeré tó ń mú eré wọn dọ́gba fúnra rẹ̀, ìyẹn ni gbogbo wa ń lò di òní. Nínú ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì, rìfáàsì, gíà tó ń gbé mọ́tò padà sẹ́yìn, kò ní òrùka yìí, ìdí nìyẹn tó fi ń ké kíríkíríkírí bí mọ́tò kò bá tíì dúró dáadáa kí a tó kì í. Kí mọ́tò dúró, kí a tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, kí a ka méjì, kí a tó wọlé sí i.

Ọ́tò, gíà tó ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀, kò ní kílọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọ́ìlì ló rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá gbé fáànù méjì kọjú síra, tó tan ọ̀kan, yóò rí i pé atẹ́gùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí èkejì. Nǹkan yíká bí igbá tí wọ́n dé ìdérí lé, tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, irú ètò bẹ́ẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, àfi pé ọ́ìlì ló kún un dípò atẹ́gùn. Ará Jámánì kan, Hermann Föttinger, ló gba ìwé àṣẹ lórí ìmọ̀ yìí ní 1905, ọkọ̀ ojú omi ló sì fẹ́ fi wà. General Motors ló kọ́kọ́ ta gíà ọ́tò pátápátá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nínú mọ́tò Oldsmobile ti ọdún 1940. Nígbà tí mọ́tò bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ọ́ìlì á kàn máa yọ̀ kọjá, ẹ́ńjìnnì kò ní kú. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búréèkì, mọ́tò á máa rákò lọ fúnra rẹ̀. Nígbà ìgbéra, ọ́ìlì yẹn tún ń sọ agbára ẹ́ńjìnnì di púpọ̀, tó lè sún mọ́ ìlọ́po méjì, ìdí rèé tí ọ́tò fi máa ń gbé ẹrù gun òkè láìgbọ̀n.

Lẹ́yìn ọ́ìlì ni gíà fúnra rẹ̀. Gíà kan wà láàárín, àwọn kéékèèké ń yí i po, òrùka eléyín sì yí gbogbo wọn ká. Bí a bá di ọ̀kan mú, ìyípo á jáde ní irú kan. Bí a bá di òmíràn mú, á yí padà. Ohun tó ń di wọ́n mú ni àwọn kílọ́ọ̀ṣì kéékèèké tí ọ́ìlì alágbára ń tì, kọ̀ǹpútà kékeré ló sì ń pàṣẹ fún ọ́ìlì nínú mọ́tò òde òní. Ohun méjì ló máa ń wò jù: bí mọ́tò ṣe ń sáré tó, àti bí a ṣe tẹ iná tó. Nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ kọjá tírélà lẹ́bàá Ògèrè, tó tẹ iná dé ilẹ̀, gíà á já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ́ńjìnnì á ké, mọ́tò á ta. Pẹ̀lú máńúà, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ já láti karùn-ún sí kẹrin tàbí ẹ̀kẹta kí ó tó jáde síta.

Ṣùgbọ́n ọ́tò kò rí ọ̀nà. Ó ń fọwọ́ bà á ni. Kò mọ̀ pé òkè wà níwájú títí òkè á fi mú un, kò sì mọ̀ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń bọ̀. Bí píkọ́ọ̀pù tó kó ẹrù bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú D, ipò tí ọ́tò fi ń lọ síwájú, tí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ọ̀pọ̀ gíà ọ́tò á rò pé ìsinmi dé, wọ́n á wọ gíà gíga. Ẹ́ńjìnnì kò ní fa mọ́tò sẹ́yìn mọ́, gbogbo iṣẹ́ náà á já lé búréèkì lórí. Búréèkì tó bá gbóná jù kì í mú mọ́. Kí mọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ni kí a ti fa ọ̀pá gíà sí 3, 2 tàbí L, ìyẹn àwọn gíà tó lọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òkè náà bá ṣe ga tó. Fún máńúà, àwọn àgbà dẹ́rẹ́bà ní ìwọ̀n kan tó dára: gíà tí ẹrù yẹn máa fi gun òkè náà ni kí ó fi sọ̀ ọ́. Tí a bá ń gun òkè, tí ọ́tò ń lọ tó ń bọ̀ láàárín gíà méjì bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ, kí a tẹ bọ́tìnnì O/D, èyí tí kì í jẹ́ kí ó wọ gíà tó ga jù, bó bá wà, tàbí kí a fa ọ̀pá sí 3, kí ó lè dúró sójú kan. Ìlọ-bọ̀ yẹn ń mú ọ́ìlì gbóná.

Àṣà kan wà tó yẹ ká dá dúró: kí a ju mọ́tò sí fírì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nítorí àtifi epo pamọ́. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń lo kábúrétọ̀ láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì tí kọ̀ǹpútà ń bu epo fún, òdìkejì rẹ̀ ló jẹ́. Bí gíà bá wà nínú rẹ̀ tí a kò tẹ iná, kọ̀ǹpútà á dá epo dúró pátápátá, nítorí táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Bó bá wà ní fírì, ó gbọ́dọ̀ mu epo kí ó má baà kú. Àwọn tó ń ju mọ́tò sí fírì ń jó epo, wọ́n sì tún fi búréèkì tọrẹ.

P, ibi tí a ń gbé ọ̀pá gíà ọ́tò sí nígbà tí a bá páàkì, kì í ṣe búréèkì. Irin kékeré kan ló ń há sínú eyín ọ̀pá tó ń jáde láti inú gíábọ́ọ̀sì, irin náà kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ púpọ̀. Bí píkọ́ọ̀pù ẹlẹ́rù bá dúró lórí òkè, kí a tẹ búréèkì ẹsẹ̀, kí a gbé gíà sí N, ìyẹn fírì, kí a fa búréèkì ọwọ́, kí a gbé ẹsẹ̀ sókè kí ìwúwo mọ́tò jókòó sórí búréèkì ọwọ́, lẹ́yìn náà la ó wá gbé e sí P. Ẹni tó bá ṣe é ní ìdàkejì á gbọ́ “gbì!” ńlá nígbà tó bá fẹ́ yọ ọ́ kúrò ní P lọ́jọ́ kejì.

Fún ẹrẹ̀ pupa ojú ọ̀nà oko lásìkò òjò, ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ní ọ̀pá tàbí bọ́tìnnì kejì: H2, H4, L4. H2, táyà ẹ̀yìn nìkan. H4, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. L4 tún ń dín eré kù ju gíà kìíní lọ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé mọ́tò ti dúró, kí ọ́tò wà ní N tàbí kí a tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí a tó wọ inú rẹ̀. Nínú irú píkọ́ọ̀pù yìí, H4 kò yẹ lórí títì ọ̀dà gbígbẹ, nítorí táyà iwájú àti ẹ̀yìn kì í rin ìrìn kan náà ní kọ́nà, wọ́n á sì máa fa irin tó so wọ́n pọ̀ ya. Bí mọ́tò bá rì, kí a má fi D àti R (rìfáàsì) gbọ̀n ọ́n títí. Ọ́ìlì á hó. Kí a wá pákó tàbí ẹ̀ka igi sábẹ́ táyà.

Bí bátìrì bá kú lóko, máńúà ṣe é tì: a ó ki gíà kejì, a ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọkùnrin á tì í, bó bá ti sáré díẹ̀ a ó ju kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ọ́tò kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ìlì, bí ẹ́ńjìnnì bá kú, kò sí ọ́ìlì tí yóò di gíà mú. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ ká fi okùn fa ọ́tò láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú táyà ẹ̀yìn nílẹ̀: gíà ń yí, ọ́ìlì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ tó ń gbé mọ́tò.

Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, ọ́ìlì ọ́tò àti ti máńúà kì í ṣe ọ̀kan náà, ọ̀kan kò sì lè rọ́pò èkejì. Ti ọ́tò sábà máa ń pupa, ó sì ṣàn ju ti máńúà lọ. Nínú èyí tó ní ọ̀pá ìwọ̀n, ọ̀pọ̀ ni a máa ń wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, tó gbóná, tí mọ́tò sì wà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Kí a fi aṣọ funfun nu ọ̀pá náà. Bí àmì tó fi sára aṣọ bá pupa, ó dára. Bó bá ti dúdú tó ń rùn bí nǹkan tó jó, àwọn kílọ́ọ̀ṣì kéékèèké inú rẹ̀ ti ń jẹ kúrò nìyẹn, ẹrù ti ọ̀sẹ̀ yẹn sì yẹ kó dúró ná.