Advertorial: bí owó epo rọ̀bì ṣe ń wọ ojú ìwé ìròyìn

Advertorial ni ọ̀rọ̀ tí ilé iṣẹ́ kan fúnra rẹ̀ kọ, tàbí tó sanwó kí wọ́n bá a kọ, tí ìwé ìròyìn wá gbé jáde ní ìrísí àyọkà àwọn akọ̀ròyìn rẹ̀. Ìpolówó ni, ṣùgbọ́n kò sí iye owó ọjà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń pariwo pé kí ẹ sáré wá rà á. Ó ní àkọlé, ó ní ìpínrọ̀, nígbà mìíràn ó tún ní àtẹ ìṣirò. Ìgbàgbọ́ tí òǹkàwé ti ní nínú ìwé ìròyìn náà láti ọdún pípẹ́ ni ilé iṣẹ́ ń sanwó lé lórí.

Mobil ló sọ ọ́ di iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe déédéé. Lọ́dún 1970, New York Times ṣí ojú ìwé tuntun tó kọjú sí ọ̀rọ̀ olóòtú, níbi tí àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti lè sọ èrò wọn. Ìdá kan nínú mẹ́rin ojú ìwé náà wà fún títà. Herbert Schmertz, tó ń bójú tó àjọṣe Mobil pẹ̀lú aráàlú, rí àǹfààní ibẹ̀ kíá, ilé iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á lọ́dún yẹn kan náà. Láti 1972 títí di 2001, Ọjọ́bọ̀ kì í kọjá kí ọ̀rọ̀ Mobil má jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn tó darapọ̀ mọ́ Exxon lọ́dún 1999, ó di ọ̀rọ̀ ExxonMobil. Ẹni tó bá ṣí ojú ìwé yẹn ń wá àríyànjiyàn àwọn ọlọ́gbọ́n lórí ìjọba àti ọrọ̀ ajé. Ọkàn kan náà tó fi ka ti ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà lókè ló máa fi ka ti elépo tó wà nísàlẹ̀.

Lọ́dún 2017, Geoffrey Supran àti Naomi Oreskes ti Yunifásítì Harvard gbé ìwádìí kan jáde tó fi ohun tí èyí ń ṣe hàn kedere. Wọ́n ka ìwé 187 tí ilé iṣẹ́ náà kọ lórí àyípadà ojú ọjọ́ láàárín 1977 sí 2014: ìwé ìwádìí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rẹ̀, ìwé abẹ́lé, àti advertorial inú New York Times. Ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún ìwé ìwádìí náà, àti ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìwé abẹ́lé, gbà pé òótọ́ ni àyípadà náà, pé ọwọ́ ènìyàn ló sì ń fà á. Nínú advertorial, ìdá 12 péré ló gbà bẹ́ẹ̀. Ìdá 81 ń gbin iyèméjì sọ́kàn òǹkàwé. Ohun tí wọ́n mọ̀ nílé ni wọ́n sanwó láti fi pamọ́ fún ará ìta.

Kò sì dìgbà tí wọ́n bá pa irọ́ pọ́nbélé. Ọ̀kan nínú àwọn ti ọdún 2000 gbé àtẹ ìgbóná omi Òkun Sargasso jáde fún nǹkan bí 3,000 ọdún. Òótọ́ ni àwọn nọ́ḿbà náà. Ṣùgbọ́n Lloyd Keigwin ti ibùdó ìwádìí Woods Hole, tó ni iṣẹ́ náà, kọ lẹ́tà pé ìlò tí wọ́n lò ó ń ṣini lọ́nà: èsì igun òkun kan kò lè dáhùn bóyá ènìyàn ló ń mú gbogbo ayé gbóná. Ká ní akọ̀ròyìn ló kọ ọ́, ó yẹ kí olóòtú béèrè lọ́wọ́ onímọ̀ náà kí ó tó jáde. Ẹ̀ka ìpolówó ni advertorial ń gbà kọjá.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wàhálà náà tún le sí i. Láti 2014 ni New York Times ti ń gbé irú rẹ̀ jáde pẹ̀lú àmì “Paid Post”, tó sì ní ẹ̀ka tirẹ̀ tó ń bá àwọn olówó kọ ọ́. ExxonMobil gba ọ̀kan lórí epo tí wọ́n fẹ́ máa fún lára ewédò. Àmì náà wà lókè lóòótọ́. Àmọ́ bí ẹnìkan bá ya fọ́tò ojú fóònù rẹ̀, tó gé e, tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, orúkọ ìwé ìròyìn àti àkọlé ló máa kù. Ìdí nìyí tí FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, fi sọ lọ́dún 2015 pé kí àmì náà wà nítòsí àkọlé, ní èdè tó yé gbogbo ènìyàn, kí ó sì bá ọ̀rọ̀ náà dé ibi gbogbo tí wọ́n bá pín in dé.

Bí ẹ bá ń ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún lẹ́tà kékeré: “advertorial”, “sponsored”, “partner content”. Ẹ wo bóyá orúkọ akọ̀ròyìn wà lábẹ́ àkọlé, àti bóyá ìrísí lẹ́tà yàtọ̀ sí ti ìròyìn tó kù. Lórí ẹ̀rọ, ẹ ka àdírẹ́ẹ̀sì ojú ìwé náà, torí “paidpost” sábà máa ń fara hàn níbẹ̀. Èyí tó wúlò jù lójú tèmi ni pé kí ẹ wá ẹni tó ń ta ko ilé iṣẹ́ náà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Bí epo bá dà sí odò, tí àyọkà kò sì gbọ́ tẹnu apẹja kankan, ẹ ti mọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ sì lè kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ olóòtú: ta ló sanwó, ta ló sì láṣẹ láti yí ọ̀rọ̀ padà kí ó tó jáde?

Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí àmì kankan kò lè fi hàn yín. Àwọn àgbà ní ẹnu tó bá jẹ dọ̀dọ̀ kò lè sọ òdodo. Lọ́dún 2005, ilé iṣẹ́ epo BP ní kí àwọn aṣojú ìpolówó rẹ̀ sọ fún àwọn ìwé ìròyìn pé kí wọ́n máa fi tó òun létí ṣáájú bí wọ́n bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ kankan jáde tó dárúkọ BP, àwọn tí wọ́n jọ ń du ọjà, tàbí iṣẹ́ epo lápapọ̀, kí òun lè yọ ìpolówó òun kúrò bó bá wù ú. Kò sí ẹni tó fún akọ̀ròyìn lówó níbẹ̀. Olóòtú kàn mọ̀ pé owó oṣù àwọn ènìyàn òun lè dín kù bí ìròyìn kan bá jáde lọ́la. Ìlànà tí àwọn oníròyìn Nàìjíríà fọwọ́ sí ní Ìlorin lọ́dún 1998 lòdì sí rìbá àti sí bíbéèrè owó kí ìròyìn tó jáde, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ irú ìfúnpá yìí kì í gba àpò akọ̀ròyìn kankan kọjá.

The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yan ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù January 2020, ó ní òun kò gba ìpolówó mọ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé wíwa epo àti gáàsì ni olórí iṣẹ́ wọn, nígbà tí nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un ń wá láti ìpolówó. Ìpinnu náà kò kan ìpolówó ọkọ̀ àti ti ìrìnàjò afẹ́. Àwọn aláṣẹ rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba: bí àwọn bá fi ìyẹn kún un, àdánù owó náà yóò pọ̀ ju ohun tí àwọn lè gbé.