Ìtọ́jú adágún omi ẹ̀yìnkùlé ní Abẹ́òkúta

Adágún omi ẹ̀yìnkùlé ni omi adúrójẹ́ẹ́ tí onílé gbẹ́ ilẹ̀ fún, tàbí tí ó mọ búlọ́ọ̀kù yí ká, nínú ọgbà ilé rẹ̀, tí ó gbin ewéko omi sí, tí ó sì sábà máa ń kó ẹja díẹ̀ sí. Nítorí ẹwà àti ìtura ni wọ́n ṣe ń ṣe é; ti olùsìn ẹja tó ń sin ẹja fún títà yàtọ̀. Kíkó ewé àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kúrò, pípààrọ̀ díẹ̀ nínú omi, gígé ewéko, fífọ asẹ́ ẹ̀rọ àti dídènà ẹ̀fọn ni iṣẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn, àpáta abẹ́ ilẹ̀, àgbàrá tó ń ṣàn láti orí òkè, àti eruku ọyẹ́ ní ipa tó pọ̀ lórí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ.

Ilẹ̀ àti ojú ọjọ́

Orí àpáta ni ìlú náà jókòó sí; orúkọ rẹ̀ pàápàá, “abẹ́ òkúta”, ń tọ́ka sí àpáta náà. Àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1830, Olúmọ sì ni wọ́n fi ṣe ibi ìsádi. Ní àwọn àdúgbò tó súnmọ́ Olúmọ, bíi Ìkìjà àti Ìtòkò, ẹni tó bá ń gbẹ́lẹ̀ lè kan àpáta kó tó gbẹ́ ẹ dé orúnkún. Irú ibẹ̀ dára fún adágún tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ sókè ilẹ̀. Ó ní àǹfààní kan tí kò ṣeé fojú di: àgbàrá òjò kò lè ya wọ inú rẹ̀. Adágún tí ẹnu rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba ní ìdàgẹ̀rẹ̀ máa ń gba iyẹ̀pẹ̀, epo ọkọ̀ àti omi ìdọ̀tí ilé aládùúgbò lọ́jọ́ òjò ńlá. Ebè tàbí ìpele búlọ́ọ̀kù kan lápá òkè rẹ̀ lè darí omi náà síbòmíràn.

Òjò sábà máa ń rọ̀ láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá, ó sì máa ń dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni ọyẹ́ máa ń fẹ́, tí omi ń fà, tí eruku àti ewé gbígbẹ sì ń bọ́ sójú adágún lójoojúmọ́.

Ìdí tí adágún fi yàtọ̀ sí àmù

Nínú ilé Yorùbá, omi tí a bá pọn sínú ohun èlò, fífọ̀ ni wọ́n ń fọ ohun èlò náà: a ó da èyí tó kù nínú àmù tàbí dúrọ́ọ̀mù nù, a ó fi kànìnkànìn ha inú rẹ̀, a ó wá pọn tuntun sí i. Ọ̀nà yìí dára fún omi mímu. Bí wọ́n bá lò ó fún adágún, ẹja lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín ọjọ́ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ omi náà á sì mọ́ gaara lójú.

Ẹja ń tú amóníà jáde láti ara rẹ̀. Ewé tó jẹrà àti oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán ń mú un wá pẹ̀lú. Àwọn bakitéríà kan, tí Nitrosomonas wà lára wọn, ń sọ amóníà di nitrite. Àwọn mìíràn bíi Nitrospira ń sọ nitrite di nitrate, èyí tí ewéko ń fi ṣe oúnjẹ. Amóníà àti nitrite ló ń pa ẹja. Nitrate kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, àfi tó bá pọ̀ kọjá àlà. Àwọn bakitéríà wọ̀nyí kì í fi bẹ́ẹ̀ léfòó káàkiri inú omi. Ara ohun líle ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, ìyẹn ògiri, òkúta wẹ́wẹ́, gbòǹgbò ewéko àti fóòmù inú asẹ́. Ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń yọ̀ lára ògiri adágún, tí ọ̀pọ̀ ń rí bí ìdọ̀tí, ibùgbé wọn ni. Bí a bá ha á kúrò tán, amóníà kò ní ẹni tí yóò yí i padà mọ́. Nínú adágún tuntun, ó máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Nítorí náà ẹja díẹ̀ ni ó yẹ kó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú omi ni ọ̀rọ̀ kejì. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀: ní ìwọ̀n ooru 20°C, omi lè di nǹkan bíi 9.1 mg mú nínú lítà kan, ṣùgbọ́n ní 30°C, tí kò ṣàjèjì sí omi inú oòrùn Abẹ́òkúta, kò ju nǹkan bíi 7.5 mg lọ. Ewéko abẹ́ omi àti algae, ìyẹn ohun wẹ́wẹ́ tó ń sọ omi di aláwọ̀ ewé, ń tú ọ́síjìn jáde lọ́sàn-án, wọ́n sì ń lò ó lóru. Ìdí nìyí tí ẹja inú omi tó ṣú dùdù fún àwọ̀ ewé fi máa ń gbẹ́nu sókè ní ìdájí, tí ara wọn á sì tún balẹ̀ nígbà tí oòrùn bá yọ. Ẹni tí kò bá dé ìdí adágún rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lè má rí àmì náà rárá.

Kíkan tàbí jíjẹ́ alkali omi, èyí tí wọ́n ń fi pH wọ̀n (ìsàlẹ̀ 7 ni kíkan, òkè rẹ̀ ni alkali), so mọ́ ọ̀rọ̀ amóníà. Láàárín 6.5 sí 8.5 ni ó rọ ọ̀pọ̀ ẹja lọ́rùn. Bí pH bá ti ń gòkè, tí omi sì ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni amóníà ń le sí i. Sìmẹ́ńtì tuntun ń tú ẹfun sínú omi, ó sì lè gbé pH kọjá 10. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi omi kún adágún kọnkéré tuntun, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan. Àwọn olùsìn ẹja àrọ̀ kan máa ń gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú omi àkọ́kọ́ yìí kó lè jẹrà níbẹ̀. Kíkan tó ń wá láti inú ìjẹrà náà ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ń dín agbára ẹfun kù.

Ìlú aláró ni Abẹ́òkúta. Àwọn tó ń ṣe àdìrẹ, tí ọjà wọn gbajúmọ̀ ní Ìtòkú, ń lo kọ́sítíìkì sódà àti háídírọ́sì láti mú àwọ̀ wọ aṣọ. Kọ́sítíìkì ń gbé pH sókè lójijì, háídírọ́sì sì ń gba ọ́síjìn inú omi. Adágún tó bá wà nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń pa aró gbọ́dọ̀ ní ìdènà láàárín rẹ̀ àti gọ́tà, nítorí pé ìwọ̀nba omi aró tó wọ inú rẹ̀ lè pa gbogbo ẹja ibẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ ìmọ́tótó

Kí ewé tó rì ni ó dára jù láti fi àwọ̀n kó o. Ewé igi fúrúùtù àti ti máńgòrò ló sábà máa ń pọ̀ jù. Ti fúrúùtù ń sọ omi di pupa rúsúrúsú bíi ti àgbo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba rẹ̀ kì í pa ẹja lára. Ewé dongóyárò kò dára nínú omi ẹja, nítorí pé oje rẹ̀ lè pa wọ́n lára. Ní àsìkò ọyẹ́, àwọ̀n tí wọ́n nà bo ojú adágún máa ń dín iṣẹ́ yìí kù gan-an.

Ìdá kan nínú mẹ́wàá sí ìdá kan nínú márùn-ún omi ni wọ́n ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lọ́sẹ̀ kan tàbí méjì síra, gẹ́gẹ́ bí ẹja bá ṣe pọ̀ tó. Láti mọ iye omi, a ó sọ gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn ní mítà di púpọ̀ mọ́ ara wọn, a ó wá fi 1,000 sọ èsì di púpọ̀. Adágún tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 2, tó sì jìn ní mítà 0.6, lítà 3,600 ló ń gbà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ lítà 360, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rìnlá àti díẹ̀. Omi ẹ̀rọ tí kílórínì wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró nínú agbada tó la ẹnu fún ọjọ́ kan sí méjì kí kílórínì rẹ̀ tó fò lọ. Ti kànga àti bọ́hólù kò ní wàhálà yìí, ṣùgbọ́n omi bọ́hólù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lè má ní ọ́síjìn púpọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n jẹ́ kó máa dà láti òkè wá.

Ọṣẹ, bílíìṣì àti òògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan adágún. Fóòmù asẹ́, inú garawa tí wọ́n bu omi adágún fúnra rẹ̀ sí ni wọ́n ti ń fún un, kí bakitéríà inú rẹ̀ má bàa kú. Fífún díẹ̀ tó. Kò pọn dandan kí ó funfun.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ tó wúwo jù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti tó fún ọ̀pọ̀ adágún, ìparí ọyẹ́ kí òjò tó fìdí múlẹ̀ sì jọ àsìkò tó yẹ jù, nítorí pé ewé ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlẹ̀ tán. Wọ́n á kó ẹja sínú ọpọ́n ńlá tó kún fún omi adágún kan náà, lábẹ́ ìbòòji, pẹ̀lú ìdérí, nítorí pé ẹja máa ń fò jáde. Wọ́n á fa omi dé ìdajì, wọ́n á sì rọra kó ẹrọ̀fọ̀ náà láti apá kan lọ sí èkejì láìrú u sókè. Bí ó bá dúdú tó sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, hydrogen sulphide ló wà nínú rẹ̀, májèlé sì ni fún ẹja. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹja kò gbọ́dọ̀ wà nínú omi nígbà iṣẹ́. Ó dára kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n kó jáde jẹ́ ajílẹ̀ tó dára fún ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ebè ẹ̀fọ́.

Omi aláwọ̀ ewé kì í kúrò nípa dídà á nù. Omi tuntun tí oòrùn ń pa máa ń padà sí àwọ̀ kan náà. Oúnjẹ ẹja tó dínkù, ẹja tó dínkù, àti ewé ewéko omi tó bo ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta ojú adágún ni ó ń ṣẹ́gun rẹ̀. Òògùn tó ní bàbà nínú ń pa algae, ṣùgbọ́n ó léwu fún ẹja, pàápàá nínú omi tí kò ní kálísíọ̀mù púpọ̀, algae tó sì kú lẹ́ẹ̀kan náà ń jẹrà, ó ń gba ọ́síjìn.

Bí omi bá ń fà jù, a lè gbé garawa tó kún fún omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún, kí a sì wo iye tí méjèèjì fi lọ sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta. Bí ti adágún bá ju ti garawa lọ dáadáa, ó ń jò.

Ewéko

Àdúrà Yorùbá tó sọ pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, ti dárúkọ ewéko méjì tó ṣe pàtàkì jù nínú irú ọgbà yìí. Òṣíbàtà (Nymphaea lotus) ni ó níye lórí jù. Funfun ni òdòdó rẹ̀, alẹ́ ló ń là, ó sì máa ń padé kí ọ̀sán tó pọ́n lọ́jọ́ kejì, tí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ fi lè bá a níbi tó ti ń là. Ilẹ̀ amọ̀ nínú ìkòkò ni wọ́n ń gbìn ín sí, tí wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ bo ojú rẹ̀ kí ẹja má bàa tú u. Ajílẹ̀ tí kò tíì jẹrà tán máa ń ba omi jẹ́. Ewé tó bá ti pọ́n, láti ìdí igi rẹ̀ nísàlẹ̀ ni kí wọ́n ti gé e. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, tí ìdí rẹ̀ bá ti kún ìkòkò, wọ́n á pín in.

Ojúoró (Pistia stratiotes) kò nílò ilẹ̀ rárá. Ó ń fi gbòǹgbò rẹ̀ fa nitrate, ó sì ń ṣe ìbòòji, ṣùgbọ́n ó máa ń bí sí i kíákíá. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n máa kó o dín. Ewéko olódòdó àlùkò (Eichhornia crassipes) tó wọ omi Nàìjíríà láti apá Bàdágìrì ní 1984, tó sì ti dí ojú ọ̀pọ̀ ọ̀sà, kò yẹ fún adágún ilé. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí tí ó yẹ kí wọ́n dà sí gọ́tà tàbí sínú Odò Ògùn. Kí wọ́n sá a gbẹ kí wọ́n tó fi ṣe ajílẹ̀.

Ẹ̀fọn, ẹja àti àwọn ẹ̀dá mìíràn

Nínú ooru, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Ẹja kéékèèké bíi guppy ń jẹ tanwíjí, ọmọ lámilámi tó ń gbé abẹ́ omi sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú. Ibi tí ojúoró bá ti pọ̀ jù, tanwíjí ẹ̀yà Mansonia máa ń gún gbòǹgbò rẹ̀ láti mí, wọn kì í sì í wá sókè níbi tí ẹja ti lè rí wọn. Ìdí mìíràn nìyí tó fi yẹ kí wọ́n máa kó o dín. Bti, bakitéríà tó ń pa tanwíjí láìpa ẹja, ṣeé lò. Kẹrosíìnì ń pa tanwíjí, ṣùgbọ́n ó ń ba gbogbo omi náà jẹ́.

Epìyà máa ń bí jù, ẹja àrọ̀ sì máa ń hú ewéko, ó tún ń gbé ẹja kéékèèké mì. Goldfish ni ó rọrùn jù. Ìṣáwùrú ń jẹ algae, ṣùgbọ́n ẹ̀yà Bulinus lára wọn ló ń gbé kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ẹlẹ́jẹ̀, àrùn tí wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀ láàárín àwọn abúlé tó yí adágún Ìdídò Ọ̀yán ká. Kí wọ́n má bu omi, ewéko tàbí ìṣáwùrú láti irú ibẹ̀ wá sínú adágún ilé.

Ẹ̀rọ

Pọ́ǹpù tó lè yí gbogbo omi po láàárín wákàtí kan sí méjì tó. Bí iná bá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, omi inú asẹ́ máa ń bàjẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n dà á nù kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ padà. Pọ́ǹpù tó ń lo sólà ń dín ìṣòro yìí kù lọ́sàn-án.

Ewu

Omi tí kò jìn ju 30 cm lọ lè gbé ọmọdé. Irin tàbí àwọ̀n líle tó dúró díẹ̀ sábẹ́ ojú omi lè dá ọmọ dúró láìba ẹwà òṣíbàtà jẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ pa iná pọ́ǹpù láti orísun rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ omi.