Ẹ Yéé Kun Block Láwọ̀ Látinú

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, fáìlì AutoCAD mẹ́ta (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán ilé) ló wọlé sí mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ kan náà: "Ẹ̀gbọ́n, mo pa àwọ̀ layer dà, àmọ́ àwọn ilẹ̀kùn ò yí." Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ yí? Ẹni tó ya block ilẹ̀kùn yẹn ti ki pupa bọ inú rẹ̀, àwọ̀ 1, lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa layer dà nígbà ọgọ́rùn-ún, pupa náà ni. (Block tí mò ń wí kì í ṣe ti bíríkìlà o: àwòrán tí a yà lẹ́ẹ̀kan tí a ń gbé síbi púpọ̀ ni. Layer sì ni ìpele tí a ń to ìlà lé, tó ní àwọ̀ tirẹ̀.)

Ẹ ṣí i nínú BEDIT, ibi tí a ti ń tún inú block ṣe, ẹ kó gbogbo ìlà inú rẹ̀ sórí layer 0, kí ẹ fi àwọ̀ wọn sí ByLayer, ìyẹn ni pé kí wọ́n máa tẹ̀lé àwọ̀ layer. Ó parí. Ohun tó bá wà lórí layer 0 nínú block, layer tí ẹ bá gbé block náà lé ló máa ń jọ. Ẹ gbé e sórí layer ilẹ̀kùn, àwọ̀ ilẹ̀kùn ni yóò mú. Ẹ gbé e sórí layer ohun tí a fẹ́ wó, ó di àwọ̀ ohun wíwó. ByBlock wà fún ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ yín fún block kan ní àwọ̀ tirẹ̀ láti ìta. Bí block bá wà nínú block, ẹ wọ inú ìyẹn náà. Àṣẹ SETBYLAYER lè bá yín tún ọ̀pọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹ ka ìbéèrè rẹ̀ kí ẹ tó tẹ Enter, torí ó lè sọ ByBlock yín di ByLayer.

Èyí tó ń bí mi nínú ni EXPLODE, àṣẹ tó ń fọ́ block sí ìlà, oògùn tí wọ́n ń kiri nínú fídíò ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n á ní block tí kò gbọ́ràn, ẹ fọ́ ọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́! Ẹnìkan fọ́ gbogbo ilẹ̀kùn tó wà nínú iṣẹ́ kan, ó wá ń bi mí ibi tí D07 gbà lọ. Nọ́ńbà ilẹ̀kùn ti lọ, DOOR_NO, orúkọ àyè tí a ń kọ nọ́ńbà náà sí, ló kù lára ìkọ̀ọ̀kan wọn. Kò sí ohun tí a lè kà mọ́, ìlà lásán ni.

Wọ́n á tún ní, "Àwọ̀ lásán ni, ṣebí dúdú la máa tẹ̀ ẹ́." Níbi tí a bá ti ń lo CTB, fáìlì tó ń sọ bí a ṣe máa tẹ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí bébà, àwọ̀ ni kálàmù. Òun ló ń sọ bí ìlà yóò ṣe nípọn tó lórí bébà.

Nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́ yìí, fóònù dún láàárọ̀ ọjọ́ kan. Olórí àwọn bíríkìlà ni. "Ọ̀gá, ihò òpó mọ́kàndínlógún la gbẹ́. Ẹni tó ń gé irin ní mọ́kànlélógún lòun gé." Mo tú bébà. Òpó méjì tó wà lápá ẹ̀yìn ti ṣá bí ìlà pẹ́ńsùlù tí a pa rẹ́, fótókópì sì ti gbé wọn mì pátápátá. Ọpẹ́ ni pé wọn ò tíì da kọnkéré. Mo bú ẹni tó ṣe fótókópì dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí block òpó méjèèjì: àwọ̀ 253 lórí gbogbo ìlà, eérú tó ń tàn yinrin lójú kọ̀ǹpútà tó dúdú, tí CTB wa sì ń fi kálàmù tó tín-ín-rín jù tẹ̀.

Èmi ni mo ya block náà.