Fífi owó ẹ̀yáwó ra ìpín ìdókòwò nítorí èrè

Fífi owó ẹ̀yáwó ra ìpín ìdókòwò ni kí èèyàn yá owó lọ́wọ́ báǹkì tàbí alágbàtà, kó fi ra ìpín ilé-iṣẹ́ tó máa ń pín èrè fún àwọn onípìn-ín, pẹ̀lú ìrètí pé èrè náà ni yóò máa san èlé, tí ìyókù yóò sì wọ àpò òun. Máájìn ni àwọn tó ń ṣòwò ṣíà ní Nàìjíríà ń pe irú ẹ̀yáwó yìí. Ìpín tí wọ́n fi owó náà rà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìdógò. Orúkọ ẹni tó rà á lè wà lórí ìpín náà, ṣùgbọ́n kò lè tà á láìjẹ́ pé olówó fọwọ́ sí i. Bí iye ìpín bá já kọjá ibi tí wọ́n fẹnu kò sí, olówó á ní kó wá fi owó kún un. Bí kò bá rí owó mú wá, wọ́n á ta ìpín náà ní iye yòówù tí ọjà bá pè é lọ́jọ́ náà.

Ìṣirò rẹ̀

Ká ní ẹnìkan ní ₦1,000,000, ó yá ₦1,000,000 kún un, ó sì fi ₦2,000,000 ra ìpín tó ń mú èrè 8% wá lọ́dún. Èrè rẹ̀ á jẹ́ ₦160,000. Owó orí 10% á kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ kí èrè tó dé ọwọ́ rẹ̀, á wá ku ₦144,000. Bí èlé bá jẹ́ 25%, ₦250,000 ló máa san fún olówó. Á ṣì ní láti wá ₦106,000 níbòmíràn kó tó lè san èlé ọdún kan, ojú owó ò sì tíì dín kọ́bọ̀. Èlé 25% yìí kì í ṣe àsọdùn. Láti oṣù Kọkànlá 2024 títí di oṣù Kẹsàn-án 2025, 27.50% ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi ìpìlẹ̀ èlé sí, èlé tí báǹkì sì ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà sábà máa ń ga ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá ṣe é ní Nàìjíríà, bó tilẹ̀ ní èrè ọdọọdún lòun ń wá, orí kí iye ìpín lọ sókè ni ìrètí rẹ̀ wà ní ti gidi.

Ìgbà tí owó ń wọlé tún ṣe pàtàkì. Oṣooṣù ni èlé sábà máa ń gun, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún sì ni èrè máa ń dé. Kò sì sí ọgbọ́n kí èèyàn sáré rà á kù ọ̀la kí wọ́n pín èrè: bí ọjọ́ tí wọ́n dá fún mímọ àwọn tó máa gba èrè bá ti kọjá, ọjà á yọ èrè náà kúrò lára iye ìpín. Ìpín ₦40 tó fẹ́ san ₦3 á di ₦37.

Nàìjíríà, 2004 sí 2012

Ní oṣù Keje 2004, Charles Soludo, gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé owó ìdásílẹ̀ báǹkì gbọ́dọ̀ kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, kó di bílíọ̀nù 25. Nígbà tí ọdún 2005 fi parí, báǹkì 89 ti di 25. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sọ́dọ̀ aráàlú láti kó owó jọ, iye ìpín sì ń gbéra. Àwọn tí kò ra ṣíà rí bẹ̀rẹ̀ sí í gba fọ́ọ̀mù. Àwọn báǹkì ń yá alágbàtà àti aládàáni lówó láti rà á, àwọn kan tilẹ̀ ń yá èèyàn lówó láti fi ra ìpín báǹkì ọ̀hún fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 2008 ni ọjà dé ṣóńṣó: atọ́ka gbogbo ìpín, òǹkà tó ń fi hàn bí iye ìpín orí ọjà lápapọ̀ ṣe ń lọ sókè tàbí já, dé nǹkan bí 66,371, àpapọ̀ iye ìpín orí ọjà sì jẹ́ nǹkan bíi tírílíọ̀nù 12.6 náírà. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn olùdókòwò òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó wọn jáde nítorí wàhálà ìṣúná tó bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn báǹkì náà sì ń béèrè gbèsè wọn. Ẹni tí wọ́n béèrè gbèsè lọ́wọ́ rẹ̀ á tà, títà rẹ̀ á mú iye já, jíjá náà á sì mú kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kan tí àwọn aláṣẹ ọjà ìpín gbé láti dá jíjá náà dúró tún mú un le sí i. Ní òpin oṣù Kẹjọ 2008, wọ́n pàṣẹ pé iye ìpín kankan kò gbọ́dọ̀ já ju 1% lọ lóòjọ́, bó tilẹ̀ lè lọ sókè dé 5%. Ìpín tó wà ní ₦30 kò lè já ju 30 kọ́bọ̀ lọ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó mọ̀ pé yóò tún já lọ́la kò ní rà á lónìí, nítorí náà àwọn tó fẹ́ tà tò jọ láìrí ẹni tó máa rà, èlé orí gbèsè wọn sì ń gun lójoojúmọ́. Ní oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a padà sí 5% lókè àti nísàlẹ̀. Atọ́ka parí ọdún náà ní nǹkan bí 31,450, nígbà tó fi di oṣù Kẹta 2009, ó ti wọ abẹ́ 20,000. Ẹni tó fi ìdajì owó tirẹ̀ àti ìdajì ẹ̀yáwó ra ìpín lásìkò tí ọjà ga jù, tí ìpín rẹ̀ sì já bí ọjà ṣe já, gbogbo owó tirẹ̀ ti lọ, ìpín tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì tó san gbèsè.

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2009 ni Sanusi Lamido Sanusi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di gómìnà Báǹkì Àpapọ̀, yọ àwọn ọ̀gá àgbà báǹkì 5: Afribank, Finbank, Intercontinental, Oceanic àti Union. Ó sọ pé nínú nǹkan bíi tírílíọ̀nù 2.8 náírà tí àwọn báǹkì náà yá àwọn èèyàn, bílíọ̀nù 456 jẹ́ ti máájìn. Báǹkì Àpapọ̀ kó bílíọ̀nù 420 náírà sínú wọn. Nígbà tí wọ́n dá AMCON, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, sílẹ̀ ní 2010 láti máa ra gbèsè tó ti bàjẹ́, máájìn wà lára ohun tó rà. Ní 2012, ìjọba àpapọ̀ kéde ìdáríjì gbèsè tó tó bílíọ̀nù 22.6 náírà fún ilé-iṣẹ́ alágbàtà 84.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn

Ní Amẹ́ríkà kí ọjà tó wó ní 1929, ẹni tó bá ní 10% iye ìpín lè yá ìyókù. Òfin 1934 gbé àṣẹ lé báǹkì àpapọ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́ láti fi ààlà sí i, láti 1974 sì ni ààlà náà ti wà ní 50%. Ní Ọsirélíà, wọ́n lè yọ èlé irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ kúrò nínú owó tí wọ́n máa san owó orí lé, èyí sì mú kí ó wọ́pọ̀. Nígbà tí Storm Financial, ilé-iṣẹ́ tó ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí ìdókòwò, wó níbẹ̀ ní oṣù Kìíní 2009, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì wà lára àwọn tó fara gbá a, tí wọ́n ti fi ilé wọn dúró fún ẹ̀yáwó.

Èrè tí kò dé

Kò sí òfin tó ní kí ilé-iṣẹ́ máa pín èrè lọ́dọọdún. Ìgbìmọ̀ olùdarí ló ń dá a lábàá, ìpàdé àwọn onípìn-ín ló ń fọwọ́ sí i, aláṣẹ tó ń bójú tó báǹkì sì lè dá a dúró. Ní oṣù Kẹfà 2025, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé báǹkì yòówù tó ṣì ń jẹ àǹfààní ìdẹ̀rọ̀ lórí àwọn gbèsè tí kò rí gbà gbọ́dọ̀ dá èrè onípìn-ín dúró fúngbà díẹ̀. Ìpín báǹkì bíi mélòó kan já lórí ọjà lẹ́yìn ìkéde náà. Ẹni tó yáwó ra irú ìpín bẹ́ẹ̀ pàdánù èrè tó fẹ́ fi san èlé, ìdógò rẹ̀ náà sì dín kù lẹ́ẹ̀kan náà.