Bí a ṣe ń ka àkọsílẹ̀ aláìsàn jẹjẹrẹ ọ̀fun àti àbájáde ìtọ́jú wọn

Nígbà tí dókítà bá sọ pé nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú fún jẹjẹrẹ ọ̀fun, iye báyìí ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún, inú fáìlì ni iye náà ti wá: fáìlì awakọ̀ kan ní gáréèjì Iléṣà l'Ákùúrẹ́, ti àgbẹ̀ kòkó kan láti Ìdànrè, ti ìyá olóúnjẹ kan ní Oǹdó. Ohun tí wọ́n kọ sínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ máa ń sọ púpọ̀ nípa ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí, nígbà mìíràn ju irú ìtọ́jú tí wọ́n yàn lọ.

Ohun tí à ń pè ní jẹjẹrẹ ọ̀fun ju àrùn kan lọ. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ Yorùbá ní sẹ́kọ́ńdìrì yóò rántí gògóńgò (ilé ohùn), káà ọ̀fun (ihò tó wà lẹ́yìn ẹnu) àti tán-án-ná (awẹ́ méjì inú gògóńgò tó ń gbọ̀n kí ohùn tó jáde) láti inú ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara ìfọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àrùn yìí ti ń hù, ibi tó sì ti hù ló ń pinnu àmì tí yóò kọ́kọ́ yọjú. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ lórí tán-án-ná máa ń tètè tú ara rẹ̀ fó, nítorí pé kókó tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ níbẹ̀ ti tó láti mú ohùn há. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ lókè tán-án-ná tàbí nínú káà ọ̀fun lè dàgbà fún oṣù púpọ̀ láìdí ohùn lọ́wọ́ rárá, títí oúnjẹ yóò fi máa há, tí etí kan yóò máa ro ẹni, tàbí tí kókó líle kan yóò yọ lọ́rùn.

Ní ti irú ẹni tó ń ní in, ní 2020, bí ènìyàn ẹgbẹ̀rún 184 lágbàáyé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jẹjẹrẹ gògóńgò lára wọn, ọkùnrin sì ju mẹ́fà lọ sí obìnrin kan. Púpọ̀ nínú wọn ti lé ní àádọ́ta ọdún. Sìgá ni olórí ohun tó ń fà á, wọn kì í sì í kàn béèrè bóyá ẹnìkan ń fà á: páàkẹ́ẹ̀tì kan tó ní ogún sìgá lójoojúmọ́ fún odidi ọdún kan ni wọ́n ń kà sí ìwọ̀n kan, nítorí náà ẹni tó ń fa mẹ́wàá lójúmọ́ fún 30 ọdún ti ní ìwọ̀n 15. Ọtí ni ìbéèrè tó tẹ̀ lé e, paraga ìdí ọkọ̀ àti ògógóró sì wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló ń ka paraga sí egbòogi. Ẹni tó ń lo ọtí àti sìgá pọ̀ wà nínú ewu tó ju àròpọ̀ ewu méjèèjì lọ. Àwọn kan wà tí kò fa sìgá rí, tí kòkòrò àìfojúrí kan tí à ń pè ní HPV sì fa tiwọn ní àgbègbè bélúbélú. Tiwọn sábà máa ń gbọ́ ìtọ́jú dáadáa.

Ohùn tó há kò sọ pé jẹjẹrẹ ni. Ọ̀fìnkìn lè fà á, ariwo ìpolówó ọjà lè fà á, ikọ́ ẹ̀gbẹ pàápàá lè fà á. Èyí tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ ni kí dókítà etí, imú àti ọ̀fun yẹ̀ wò. Ibi tí àkókò ti ń sọnù jù nìyí, nítorí pé orógbó, oyin àti oògùn láti ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì ló ń kọ́kọ́ gba oṣù mélòó kan. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò le: dókítà á fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ di ahọ́n aláìsàn mú, á yá dígí kékeré onígi gígùn lórí iná kí èémí má baà bò ó, á tì í dé ẹ̀yìn ẹnu, á sì ní kí aláìsàn wí pé "éè" kí tán-án-ná lè pàdé. Tán-án-ná tó bá dúró gbagidi, tí kò mira mọ́, jẹ́ àmì pé àrùn náà ti wọlé jìnnà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé ẹran díẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n á sì fi síkáànù wo ọrùn, kí wọ́n tó pín àrùn sí ìpele kìíní dé ìkẹrin.

Ìpele yìí ló ń darí ìtọ́jú. Èyí tó ṣì kéré lórí tán-án-ná, ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ (radiotherapy) nìkan tàbí iṣẹ́ abẹ kékeré tó, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ló sì ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún níbi tí ìtọ́jú bá ti pé. Èyí tó ti pọ̀ lè gba pé kí wọ́n yọ gògóńgò pátápátá, kí aláìsàn máa mí láti ihò tí wọ́n dá sí ìsàlẹ̀ ọrùn, kí ó sì kọ́ ọ̀nà mìíràn láti sọ̀rọ̀. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé jáde ní 1991 lo aláìsàn 332 láti wò bóyá oògùn jẹjẹrẹ àti ìtànṣán lè dípò yíyọ gògóńgò: lẹ́yìn ọdún méjì, ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà láàyè lápá méjèèjì, ìdá 64 nínú àwọn tó gba oògùn àti ìtànṣán ni kò sì pàdánù gògóńgò wọn.

Odidi ìtànṣán sábà máa ń jẹ́ ìgbà 35, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje. Fún ará Àkúrẹ́ tó ń gbà á ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn, ìyẹn túmọ̀ sí ibi tí yóò máa sùn, owó oúnjẹ, àti ẹni tí yóò bá a mójú tó ìsọ̀. Bí ó bá dá a dúró lágbedeméjì, àrùn tó ń kú lọ tún ń ráyè hù, títún un bẹ̀rẹ̀ kì í sì í rọrùn.

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ nílé lóko, pé ọ̀bẹ ló ń pa aláìsàn jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá fi fáìlì wé fáìlì yóò rí i pé àwọn tó wá pẹ́ ni iṣẹ́ abẹ ńlá sábà máa ń kàn, tí àwọn kan tilẹ̀ dé pẹ̀lú èémí tó ti ń há débi pé dókítà ní láti dá ihò sí wọn lọ́rùn kí wọ́n lè mí, kó tó béèrè orúkọ. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀bẹ ṣe, àwọn tó wà ní ìpele kan náà la gbọ́dọ̀ fi wéra.

Ìṣirò fúnra rẹ̀ ní kókó tirẹ̀. Ká ní ènìyàn mẹ́wàá gba ìtọ́jú: mẹ́ta kú láàárín ọdún kan, mẹ́rin ṣì ń wá, mẹ́ta kò padà wá mọ́. Bí a bá ka àwọn mẹ́ta tí kò padà wá yìí sí òkú, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà láàyè. Bí a bá kà wọ́n sí alààyè, ó di 70. Ọgbọ́n tí àwọn oníṣirò gbé kalẹ̀ ní 1958 ni pé kí a ka ẹnìkọ̀ọ̀kan dé ọjọ́ tí wọ́n rí i gbẹ̀yìn, kí a wá yọ ọ́ kúrò nínú iye tó kù. Ọgbọ́n yìí gbà pé ẹni tí kò wá mọ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń wá. Bó bá jẹ́ pé àìsàn tó le sí i ló dá wọn dúró sílé, àbájáde yóò dára lórí ìwé ju bó ṣe rí lọ, ìdí sì nìyẹn tí akọ̀wé ilé ìwòsàn tó mọṣẹ́ fi ń gba nọ́ńbà fóònù ọmọ àti àbúrò mọ́ ti aláìsàn.

Ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni àrùn náà máa ń padà jù, nítorí náà ìpè àyẹ̀wò máa ń sún mọ́ra nígbà náà, á sì máa jìnnà síra lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún karùn-ún pàápàá, wọn kì í pa fáìlì ẹni tó fa sìgá dé, torí pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ gba èéfín kan náà tí ọ̀fun rẹ̀ gbà.